Kẹ́ ẹ tó ní kí mẹkáníìkì yọ ọ́ sọnù, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe

Gbólóhùn kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní mọ́tò nílẹ̀ yìí á ti gbọ́ rí: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan yìí kúrò. Òyìnbó kàn fi síbẹ̀ ni, kò wúlò fún wa níbí." Wọ́n á sọ ọ́ fún yín l'Óṣogbo, wọ́n á sọ ọ́ fún yín n'Iléṣà, wọ́n á sọ ọ́ fún yín ní Ladípọ̀ l'Ékòó. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, súpánà ti wọ ìdí ọkọ̀. Kò ní pẹ́ tí irin kan á fi bọ́ sílẹ̀, tí ihò kan á ṣí sílẹ̀, tí iná kan á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò ní kú mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ lónìí ò le rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì yẹn jóòótọ́ nígbà kan. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ò parọ́, wọn ò sì ya òmùgọ̀. Àmọ́ ìgbà tó fi jóòótọ́ ti kọjá lọ tipẹ́, àwa la ò tíì gbọ́. Owó ńlá ló ń bá a lọ, èémí àwọn ọmọ wa náà sì ń bá a lọ.

Ìkejì-Arákejì ni mo ti ń kọ èyí, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Mọ́tò kì í dá lójú ọ̀nà wa. Tírélà ń kọjá, bọ́ọ̀sù ń kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì JABU ń wọ tákísí. Kódà ẹ̀rọ tó dákú lójú ọ̀nà wà lára ohun tó sọ ìlú yìí di olókìkí. Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, nítòsí ibí, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá alóoru tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà, ẹ̀rọ náà sì kọ̀, kò lọ mọ́. Ẹnu títún un ṣe ló wà tó fi gbọ́ ìpè tó sọ ọ́ di àpọ́sítélì. Orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ yunifásítì yẹn. Torí náà, tá a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò lọ, ará ilé ni wá.

Kí ni gbogbo irin yẹn tiẹ̀ ń ṣe?

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó epo, epo yẹn kì í jó tán. Nǹkan burúkú mẹ́ta ló máa ń bá èéfín jáde. Àkọ́kọ́ ni carbon monoxide, afẹ́fẹ́ tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, èyí kan náà tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odidi ìdílé mọ́jú tí wọ́n bá gbé e sí kọ́rídọ̀. Ìkejì ni epo tí kò jó, tó kàn jáde bó ṣe wọlé. Ìkẹta ni nitrogen oxides, tí ooru inú ẹ́ńjìnnì ń dá sílẹ̀ látara afẹ́fẹ́ lásán. Bí ìkejì àti ìkẹta bá pàdé oòrùn, wọ́n á di kùrukùru tó ń ta ojú, tó sì ń há èèyàn láyà. Ìlú Los Angeles l'Amẹ́ríkà jẹ ìyà ẹ̀ gan-an láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Arie Haagen-Smit jẹ́ kí ayé mọ̀ pé èéfín mọ́tò wà lára ohun tó ń fà á.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń so nǹkan mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáàfù kékeré kan ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn ẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀sọ́ọ̀sì, nígbà tó yá agolo èédú náà dé. Ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin Clean Air Act tó le koko. Nígbà tí ọkọ̀ ọdún 1975 fi máa jáde, kátálíìsì ti wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjó ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá l'Ékòó. Lọ́dún tí Amẹ́ríkà ń so kátálíìsì mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tí kò ní kátálíìsì la ń tò nílé. Kabúrétọ̀ kan, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà, ó parí. Orí Píjó 504 àti Ìjàpá ni àwọn bàbá mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ 504 tinú-tẹ̀yìn, tó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó rí họ́ọ̀sì tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́, kí lẹ rò pé ó máa sọ? Á ní àpọ̀jù ni.

Ìdí kejì tiẹ̀ lágbára jùyẹn lọ. Òjé ni. Ní 1921, Thomas Midgley ti ilé iṣẹ́ General Motors rí i pé tí wọ́n bá po òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì ò ní máa kan gbá-gbá-gbá mọ́. Gbogbo ayé sì ń po ó, epo tiwa náà ní in nínú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tá kátálíìsì ni òjé. Inú kátálíìsì rí bí afárá oyin. Wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium pa afárá yẹn lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èéfín bá ń gbabẹ̀ kọjá, àwọn irin yìí á sọ èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di omi, nitrogen àti carbon dioxide. Àmọ́ òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin náà, á sì bò ó pa. Ojò epo mélòó kan ti tó láti ba kátálíìsì tuntun jẹ́.

Torí náà, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà wálé ní 1984, tó sì ń ra epo níbí, kátálíìsì ẹ̀ máa kú dandan. Mẹkáníìkì tó gé e kúrò nígbà yẹn ò ṣe ibi kankan, òkú irin ló gé.

Àmọ́ ayé ti yí. Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà ṣèpàdé ní Dakar, wọ́n ní àwọn máa yọ òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí 2006 fi wọlé, ó ti kúrò. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní 2021. Ẹ má sì rò pé òjé jẹ́ nǹkan kékeré. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé tó bá òkúta góòlù jáde pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Irú májèlé yẹn náà la ń fẹ́ jáde lẹ́yìn mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Epo tẹ́ ẹ rà láàárọ̀ yìí ò ní òjé nínú. Àmọ́ ẹni tó ń gé kátálíìsì yín lónìí, àṣà ìgbà òjé ló ń tẹ̀ lé. Òkú ni wọ́n ń gé nígbà náà, alààyè ni wọ́n ń gé báyìí.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀

Ẹ jẹ́ n fi ọkọ̀ kan ṣàlàyé. Bàbá kan wà ládùúgbò wa níbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ó ní Mercedes 280E kan tó gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, irú èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ló ní òun fẹ́ jí i dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ ti di nǹkan ìgbàlódé báyìí, ẹ ń rí i lórí Instagram. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi torí pé mo ti ń bá ọkọ̀ àtijọ́ ṣeré tipẹ́. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o, ìfẹ́ ẹ̀ ló wà lára mi. Mẹkáníìkì wọn ti débẹ̀ ṣáájú mi.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ló ń wí. "Gbogbo rádaràda yìí la máa kó dànù. Ọkọ̀ á máa fò bí ẹyẹ."

Bàbá wò ó. "Ṣé o mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi?"

"Bàbá, kí la fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe? Wọn ò wúlò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ sọnù náà kì í béèrè orúkọ ẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mẹkáníìkì pàápàá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: ẹ mọ orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń ní bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n kọ "Emission Control Information" sí. Ohun tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n tún máa ń ya bí họ́ọ̀sì ṣe lọ tó ṣe bọ̀. Ẹ tún wo ojú géèjì epo àti ẹnu ojò: tẹ́ ẹ bá rí "Unleaded Fuel Only", kátálíìsì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu ojò ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kéré, kí ẹnu ọ̀pá epo olójé má bàa lè wọ ibẹ̀. Ti Mẹ̀sí bàbá, ẹnìkan ti fi òòlù lù ú kó fẹ̀. Ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí míì.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

PCV ni àkọ́kọ́. Fáàfù kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni, ó máa ń wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì kan á ti ibẹ̀ lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Lára ọkọ̀ míì, họ́ọ̀sì lásán ni. Èéfín tó bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọ ibi tí ọ́ìlì wà ló máa ń fà padà kó lè jó. Èyí, ẹ má yọ ọ́ láé. Tẹ́ ẹ bá dí i, èéfín yẹn á máa wá ọ̀nà àbáyọ, á máa ti ọ́ìlì jáde lẹ́nu síìlì, ọ́ìlì á sì tètè bàjẹ́. Tó bá jẹ́ oní-fáàfù, ẹ tú u, ẹ mì ín létí. Tí kò bá dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Agolo èédú ló tẹ̀ lé e. Agolo dúdú ni, ó tó agolo mílíìkì ńlá, họ́ọ̀sì kan wá láti ojò epo, òmíràn lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Epo tó ń gbẹ nínú ojò lábẹ́ oòrùn, èédú inú agolo yìí ló ń mú un dúró, tẹ́ ẹ bá wá tan ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á fà á jó. Ẹni tó bá já a dànù, epo tó fowó rà ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ mu. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ní epo tó fẹ́ fi tọrẹ fún afẹ́fẹ́. Tí inú ọkọ̀ yín bá ń rùn fún epo, ẹ wo họ́ọ̀sì agolo yìí.

EGR wá ńkọ́? Ó máa ń rí bí olú inú oko, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ọ̀pá irin kan á sì so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì. Èéfín díẹ̀ ló ń dá padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú ẹ̀ má bàa gbóná jù. Ẹ̀bi ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: èédú máa ń dí i. Tó bá há ní ṣíṣí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá dúró lójú kan, nígbà míì á kú. Ohun tí wọ́n á sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ dí i pa. Ẹ kọ́kọ́ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ha èédú inú ẹ̀ kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju ìyẹn lọ.

Pọ́ọ̀ǹpù atẹ́gùn: bẹ́líìtì ló ń yí i. Ó jọ pọ́ọ̀ǹpù tó ń mú kí sítíárìn fúyẹ́, àmọ́ kò ní ọ́ìlì nínú, họ́ọ̀sì atẹ́gùn tó sanra ló ti ibẹ̀ lọ sí orí ẹ̀sọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ síbẹ̀ kí epo tí kò jó lè parí jíjó. Tó bá ti gbó, á máa ké bí ọlọ tí kò rí omi, tàbí kó há, kó sì máa já bẹ́líìtì.

Sẹ́ńsọ̀ oxygen jọ plọ́ọ̀gì tó ní wáyà nídìí, ara ẹ̀sọ́ọ̀sì ló máa ń wà. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ẹni tó bá já a kúrò lára ọkọ̀ tó ní brain box, ojú ọkọ̀ ló fọ́.

Kátálíìsì fúnra ẹ̀ ló kù. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà, ó rí bí ahun tó nà gbọọrọ. Tẹ́ ẹ bá gbá a pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tó tutù, tó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, afárá inú ẹ̀ ti fọ́. Tí ọkọ̀ ò bá lè gun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ́, bẹ́ẹ̀ plọ́ọ̀gì dára, epo ń wá dáadáa, ó lè jẹ́ pé ó ti dí.

Ohun tá a yọ, ohun tá a fi sílẹ̀

Lára Mẹ̀sí bàbá, a ò yọ họ́ọ̀sì èéfín ẹ́ńjìnnì, a ò sì yọ agolo èédú. EGR, a tú u, èédú inú ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ lè fi yan àgbàdo. A fọ̀ ọ́, ó ṣí, ó pa dé, a dá a padà síbi tá a ti rí i. Pọ́ọ̀ǹpù atẹ́gùn ti há pátápátá, kò sì sí òmíràn ní tòsí. Kátálíìsì tó ń bá ṣiṣẹ́ tiẹ̀ ti lọ tipẹ́, ẹnìkan ti gé e nígbà òjé, ó fi ọ̀pá rọ́pò ẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù yẹn ni ìyókù tí kò níṣẹ́ mọ́ lóòótọ́. Òun la yọ.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Ọmọ ọmọ bàbá kọ́kọ́ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀ láti apá ọ̀tún, apá òsì àti òkè. Ó fi séló so nọ́ńbà mọ́ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níbí, ọ̀kan níbi tó ti wá. Kò sí ihò tá a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Gbogbo ibi tí pọ́ọ̀ǹpù ń gbà wọ ẹ̀sọ́ọ̀sì, irin onítẹ̀ẹ́ẹ̀dì tó bá ihò náà mu la fi dí i, kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe igi, torí iná ló wà níbẹ̀. Họ́ọ̀sì tó ń fa atẹ́gùn náà, a fi ìdérí dí ẹnu ẹ̀, torí tí atẹ́gùn bá ń yọ́ wọlé, ọkọ̀ ò ní dúró jẹ́ẹ́ láé. Lẹ́yìn náà la tún epo àti iná ẹ̀ tò. Pọ́ọ̀ǹpù tá a yọ wà nínú páálí ní yàrá bàbá, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ yẹn padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é, yóò rí i.

Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn gan-an? Họ́ọ̀sì mẹ́ta tó ti là. Ọjọ́ orí ló là wọ́n. Ká ní a kó gbogbo ẹ̀ dànù bí mẹkáníìkì ṣe kọ́kọ́ wí, ọkọ̀ á lọ lóòótọ́, nítorí họ́ọ̀sì tó là náà á ti bá wọn lọ. Wọ́n á wá máa sọ pé irin òyìnbó ni kò jẹ́ kó lọ. Bí irú ìmọ̀ báyìí ṣe ń di òfin nìyẹn. Mẹkáníìkì náà fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí họ́ọ̀sì kẹta. Ó mọṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan tí wọ́n ń pè é fún un rí ni.

Ọkọ̀ tiyín kì í ṣe ti bàbá

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn yín nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀. Honda Baby Boy, Camry Big Daddy, Camry Muscle, kò sí èyí tó jẹ́ ọkọ̀ ìgbà òjé nínú wọn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ètò tí brain box fi ń ṣọ́ àwọn nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí. Tọ́kan bá ṣàìsàn, iná check engine á tàn. Tẹ́ ẹ bá fi síkáánà wò ó, á fún yín ní nọ́ńbà. P0420 ń sọ̀rọ̀ kátálíìsì. P0401 ń sọ̀rọ̀ EGR. P0455 ń sọ pé ibì kan ń jò lọ́nà agolo èédú, ó sì lè má ju ìdérí ojò epo tẹ́ ẹ ò dé dáadáa. Síkáánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ wà lọ́jà báyìí, ẹ lè wò ó fúnra yín.

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí: P0420 ò sọ pé kẹ́ ẹ gé kátálíìsì. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀sọ́ọ̀sì ń jò. Tó bá sì jẹ́ kátálíìsì náà ló kú lóòótọ́, ẹ bi í pé kí ló pa á. Plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ń da epo tútù sí i lára, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì náà ń pa á. Tẹ́ ẹ bá gé e láì wo ìdí ẹ̀, àìsàn ṣì wà nínú ilé, ajá tó ń gbó fún yín lẹ pa.

Bí wọ́n bá sì gé e, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá yí. Iná á tàn, kò ní kú, tí nǹkan tó burú jùyẹn bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ẹ ò ní mọ̀. Wọ́n á fi wẹ́dà jó ọ̀pá mọ́ ọn. Tí iṣẹ́ wẹ́dà yẹn ò bá dára, èéfín tí kò tíì gba ibì kankan fọ̀ mọ́ á máa yọ́ sábẹ́ ìjókòó yín. Ẹ sì mọ iye àwọn tó ń tan AC sùn nínú mọ́tò tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì.

Owó wo ló wà nínú ẹ̀?

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ fún yín. Platinum, palladium àti rhodium tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, góòlù ò níyì jù wọ́n lọ nígbà míì. Ní 2021, ounce rhodium kan kọjá 20,000 dọ́là. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kiri ra kátálíìsì àlòkù lọ́wọ́ mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Ọ̀dọ́ kan tí mo mọ̀ gbé ọkọ̀ lọ fún wọn láti tún ọ̀rọ̀ bíréèkì ṣe, àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lọ́jọ́ kejì. Nígbà tá a wọ abẹ́ ẹ̀, ọ̀pá tuntun la bá. Owó iṣẹ́ ló san o, irin ẹ̀ ló tún bá a lọ. Tí ẹnìkan bá ní nǹkan kan "kò wúlò", tó wá fẹ́ bá yín gbé e sọnù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún un rò.

Òfin ò sì dákẹ́. Ilé iṣẹ́ NESREA ti ní òfin lórí èéfín mọ́tò láti 2011. Ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé ọkọ̀ tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n Euro 4 mu. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ UNEP sọ pé nínú mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n kó kiri ayé láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan lára ọkọ̀ yẹn, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti gé kátálíìsì wọn. Inú ń bí wa sí ìyẹn, ó sì yẹ kó bí wa. Àmọ́ èyí tó dé pẹ̀lú kátálíìsì ẹ̀ ńkọ́? Àwa fúnra wa là ń parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan á ní ṣebí àwọn òyìnbó náà ń fojú fo ọkọ̀ àtijọ́. Òótọ́ ni. California tó le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í yẹ èéfín ọkọ̀ epo bẹntiróòlù ọdún 1975 àti èyí tó ṣáájú ẹ̀ wò. Ìdí ẹ̀ ni pé wọn ò pọ̀ mọ́, wọn kì í sì í rìn jìnnà. Mẹ̀sí bàbá kan tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday ò lè ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Camry àti Corolla tó ń já èrò láti àárọ̀ dalẹ́ lè bà á jẹ́ dáadáa. Ìyá alákàrà tó ń dáná ní gáréèjì n'Iléṣà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, gíga ẹ̀sọ́ọ̀sì ni ọmọ yẹn ti ń mí. Kò ní mọ́tò. Ẹnì kankan ò sì bi í léèrè kí wọ́n tó gé nǹkan náà.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́la, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ọ̀gá ni. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: "Ọ̀gá, kí lorúkọ ẹ̀? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti kú?" Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ fi síkáánà wò ó níbòmíì. Tó bá sì di pé ó gbọ́dọ̀ yọ, ẹ gba ohun tó yọ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lẹ wà, ẹ mọ bí Òṣómàáló ṣe ń gba gbèsè: ẹ lóṣòó tì í níbẹ̀ títí irin yín á fi wọ búùtù.